Bí omi ṣe ń gbẹ́ súìtì àti áìsì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti orí iná dé inú kúlà

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbí, kúlà kan náà la sì lè fi ṣe gbogbo wọn. Èkíní ni odidi súìtì tó ní ihò gbọọrọ-gbọọrọ, tí omi máa gbẹ́ di igbó ṣóńṣó. Èkejì ni súìtì pẹlẹbẹ tí a gbé dagun sínú omi kí abẹ́ rẹ̀ lè di ilà, kí ilà sì di ojú ṣíbí. Ẹ̀kẹta ni áìsì, níbi tí ìwọ̀n tútù omi nìkan ti máa pinnu bóyá orí ló máa ṣe ṣóńṣó ni àbí ìdí. Kò sí pọ́ǹpù, a ò sì ní ro omi. Ohun tó ń yòrò fúnra rẹ̀ ló ń bí ìṣàn tó ń gbẹ́ ẹ.

Lítà kan omi lásán wọn kílò kan. Lítà kan omi tó ti mu ṣúgà yó, tí kò lè gbà mọ́, wọn bíi kílò 1.33. Nítorí náà, awọ omi ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ara súìtì wúwo ju omi tó yí i ká lọ, ó sì máa ń yọ̀ wálẹ̀. Níbi tí awọ yẹn bá ti tín-ín-rín, omi tuntun sún mọ́ súìtì, ibẹ̀ á yára yòrò. Níbi tó bá ti nípọn, ṣúgà tó ti yòrò ló ń dáàbò bo èyí tí kò tíì yòrò, ibẹ̀ á lọ́ra. Gbogbo ọnà tí ẹ máa rí, inú awọ yìí ló ti wá. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ohun kan ló da awọ náà rú.

Leif Ristroph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York University ló fi súìtì ṣe irú igbó ṣóńṣó yìí, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé ni igbó òkúta tó wà ní Tsingy de Bemaraha ní Madagascar, Shilin ní Yunnan ní Ṣáínà, àti Mulu ní Sarawak ní Malaysia. Òkúta ẹfun ni tiwọn, òjò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe omi kúlà. Súìtì kàn ń jẹ́ ká rí láàárín wákàtí kan ohun tí òkúta ń fi ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ṣe.

Ohun èlò

- Ṣúgà funfun 800 gíráàmù, glúkóòsì olómi 500 gíráàmù (èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń rà), omi mìlílítà 235. Ó máa fún yín ní bíi kílò 1.2 súìtì. Súìtì pẹlẹbẹ ti iṣẹ́ kejì fẹ́ iye yìí lọ́tọ̀, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.
- Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó lè gba ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ ń sè, torí á hó sókè.
- Tẹmómítà méjì: ọ̀kan tó lè kà dé 160°C, ọ̀kan tó ń ka ìdá mẹ́wàá dígíríì fún áìsì.
- Mọ́ọ̀dù onígi, inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 ní fífẹ̀ méjèèjì, 12 ní gíga, tí a tẹ́ fóìlì sí. Àti àwo irin pẹrẹsẹ kan, 20 sí 10.
- Igi súyà 25, òróró díẹ̀.
- Kúlà lítà 60 fún áìsì. Fún súìtì, àpótí dígí ìsìnja tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dára jù, torí ẹ fẹ́ rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kúlà náà á ṣe é.
- Tọ́ọ̀ṣì tó ní gílóòbù kan ṣoṣo, bébà funfun, rúlà, fóònù tó ń ya fọ́tò.
- Páìpù PVC 3-inch, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20.
- Irin tí wọ́n fi ń yan ẹja, bíríkì méjì, okùn ìpẹja, wáyà.

Síse súìtì

Kí ẹ tó dá iná, ẹ ki tẹmómítà bọ omi tó ń hó. Ní Èkó, ó yẹ kó kà 100. Ní Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,200 lọ, bíi 96 ni omi ti ń hó. Iyekíye tó bá fi dín sí 100, ẹ yọ iye kan náà nínú 150 tí a ń wá. Ẹ̀tàn tẹmómítà àti gíga ilẹ̀ ni ìyọkúrò kan yìí ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ da ṣúgà, glúkóòsì àti omi pọ̀ lórí iná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí tí horo ṣúgà kankan kò fi ní kù. Tó bá ti hó báyìí, ṣíbí kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Horo kan péré tó bá jábọ́ láti etí ìkòkò lè sọ gbogbo rẹ̀ di yanrìn padà, súìtì á sì funfun, kò ní mọ́ gara, á máa fọ́ yángá-yángá nínú omi dípò kó yòrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní omi nu etí ìkòkò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Yóò dúró pẹ́ ní bíi 110 nígbà tí omi ń fò lọ, ẹ máa rò pé kò ṣe nǹkan kan. Láti 140 ó máa ń sáré, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ní 150, ẹ pa iná.

Bí ẹ kò bá gba tẹmómítà gbọ́, ẹ ṣe bí àwọn tó ń se bàbá dúdú ṣe máa ń ṣe: ẹ kán an sínú omi tútù. Tó bá le, tó ṣẹ́ kà, ó ti dé. Tó bá ṣì fà bíi gọ́ọ̀mù, ó kù.

Ẹni tí kò rí glúkóòsì lè lo ṣúgà kílò 1, omi mìlílítà 300, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì kan. Kíkan ọsàn ló ń pín ṣúgà sí wẹ́wẹ́ tí kò fi ní dì padà. Àléébù rẹ̀ ni pé súìtì bẹ́ẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Nígbà ọyẹ́, kò sí wàhálà. Nígbà òjò ní etíkun, ara rẹ̀ á ti máa tàn yinrin-yinrin kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn etí rẹ̀ á ti rọ̀, ọnà tí ẹ máa wá rí lẹ́yìn náà kì í ṣe ti omi nìkan mọ́. Ti oní-glúkóòsì pàápàá, inú nylon tí a so ẹnu rẹ̀ pa ni kó wà títí di àkókò iṣẹ́.

Ṣúgà 150°C kì í ṣàn kúrò lára bí omi gbígbóná. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara ni, á sì máa jó o lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí báàfù omi tútù wà nítòsí, kí ọmọdé má sí níbẹ̀.

Dída sínú mọ́ọ̀dù

Lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 títí tí ìhó á fi lọ sókè tán. Ẹ wá dà á sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù, kí ó máa yọ̀ wọlé, ẹ má dà á láti òkè. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú súìtì, ìgbà tí omi bá gbẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á jáde, á gun ara súìtì lọ sókè, á ya awọ ṣúgà bí ẹni ya aṣọ, á sì fi ilà tó dúró ṣánṣán sílẹ̀. Irú ilà bẹ́ẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bí ìdí ilà bá ní kòtò róbótó kan tí òkè rẹ̀ sì ń tẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ ló gbẹ́ ẹ.

Igi súyà márùn-ún ní ọ̀nà márùn-ún, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1.5 láàárín wọn, sẹ̀ǹtímítà kan láti etí. Ẹ lu ihò wọn sí ìdí mọ́ọ̀dù àti sí pákó kékeré kan tó máa di orí wọn mú lókè, kí wọ́n lè dúró ṣánṣán. Ẹ fi òróró pa wọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ihò náà gbọ́dọ̀ là já sí ìdí. A ó rí ohun tó fà á láìpẹ́.

Yíyọ igi ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá yọ ọ́ nígbà tí súìtì ṣì rọ̀, ihò á pa dé. Bí ẹ bá dúró títí ó fi le, igi á ṣẹ́ sínú rẹ̀. Àkókò tó tọ́ ni ìgbà tí súìtì bá dàbí rọ́bà, tí ìka bá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ tí kò sì lẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀, ẹ máa yí igi kọ̀ọ̀kan díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì kó má bàa mú. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti etí, torí etí ló ń le ṣáájú. Àárín á ṣì rọ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ ìlu-ihò kò wúlò níbí. Súìtì le bíi dígí, ó sì ń fọ́ bíi dígí.

Nígbà tí gbogbo igi bá ti jáde, ẹ fi táwẹ́lì nípọn wé mọ́ọ̀dù, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Súìtì tó nípọn tó yìí, bí ìta rẹ̀ bá tutù tó sún kì nígbà tí inú ṣì gbóná, á sán. Ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún tááá lóru.

Iṣẹ́ kìíní: igbó ṣóńṣó

Omi gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpótí láti àná. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, tàbí tí bọ́ọ̀hólù ṣẹ̀ṣẹ̀ tì jáde, ní afẹ́fẹ́ nínú. Afẹ́fẹ́ náà á máa lẹ̀ mọ́ ara súìtì bí ìrì. Omi tí ó bá sùn mọ́jú ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti bá iyàrá mu, kò sì mì mọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, ẹ pa á. Ìmìtìtì rẹ̀ ń dé inú omi.

Ẹ gbé irin ìyan-ẹja lé orí bíríkì méjì sínú omi, kí súìtì jókòó lórí rẹ̀, kí ihò rẹ̀ kọjú sókè àti sísàlẹ̀. Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti mítà kan sí ẹ̀yìn àpótí, kí ẹ fi bébà funfun sí iwájú. Omi ṣúgà ń tẹ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà òjìji rẹ̀ á hàn lórí bébà bí ẹ̀fin: okùn kan láti abẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, okùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń ṣàn sísàlẹ̀ láìsinmi. Ní kúlà, ẹ ò ní rí èyí, òkè nìkan lẹ máa wò.

Ẹnu ihò máa kọ́kọ́ fẹ̀ ní òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, bí àrọ. Òkè ni omi tuntun ti ń wọlé, awọ rẹ̀ ṣì tín-ín-rín. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ihò ló ń kó ṣúgà sí i, ó ń nípọn, ó ń lọ́ra. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí ní omi iyàrá, àrọ méjì tó múlé gbe ara wọn á pàdé ní òkè, ògiri tó wà láàárín wọn á di etí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, etí ọ̀bẹ náà á rẹlẹ̀ ní àárín, ibi tí ihò mẹ́rin ti yí ká nìkan ló máa kù: ṣóńṣó kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ẹ má fi ìka kan orí rẹ̀. Ó mú, ó sì ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé òógùn ọwọ́ nìkan á sọ ọ́ di kùkùté.

Ihò tí kò là já ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Omi ṣúgà wúwo; bí kò bá rí ọ̀nà jáde nísàlẹ̀, á kún inú ihò, á dúró síbẹ̀ bí oyin nínú ìgò. Ihò yẹn ò ní fẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ṣe róbótó. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gbé súìtì lé ìdí àpótí tààrà. Omi ṣúgà ń kó jọ nísàlẹ̀, ẹ sì lè rí ìlà ojú rẹ̀ lórí bébà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ìlà yẹn bá kan irin ìyan-ẹja, iṣẹ́ ti parí, ẹ yọ súìtì. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi rọ́bà fa omi ìsàlẹ̀ kúrò kí wọ́n sì bu tuntun lé e. Kò tọ́ sí wàhálà náà, omi tuntun máa da gbogbo rẹ̀ rú ni.

Iṣẹ́ kejì: abẹ́ súìtì pẹlẹbẹ

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yọ kan lẹ fẹ́ ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni kí ẹ ṣe. Ó rọrùn ju ti ihò lọ, ó sì ní ohun púpọ̀ láti wò.

Ẹ da súìtì sínú àwo irin tí a fi òróró pa, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Gíráàmù 870 tó fún àwo 20 sí 10. Ẹ ti wáyà kan sí ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó ṣì rọ̀, kí ẹ lè fi gbé e kọ́. Ẹ má tẹ́ fóìlì sínú àwo yìí. Fóìlì máa ń ká, àmì kíká rẹ̀ á sì wà lára súìtì, ẹ ó wá máa pè é ní iṣẹ́ omi. Ojú tó kan àwo ni kó wà nísàlẹ̀, torí òun ló dán jù.

Ẹ gbé e kọ́ sínú omi ní dígíríì 30 sí ilẹ̀. Etí kan ni kó kọ́kọ́ wọ omi, kí ìyókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti lẹ́tà wọnú àpò. Bí ẹ bá gbé e wọlé pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, kò sì ní rí ibi gbà lọ àfi kó máa yí gun abẹ́ súìtì, kó máa wa kòtò bó ṣe ń lọ.

Ojú òkè kò ní ṣe nǹkan kan tó lárinrin. Awọ ṣúgà tó wúwo jókòó lórí súìtì, omi tó fúyẹ́ wà lókè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pààrọ̀ ipò. Á máa yọ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́, ojú súìtì á máa dán.

Abẹ́ ni ẹjọ́ wà. Níbẹ̀, awọ tó wúwo ló wà lókè, omi tó fúyẹ́ ló wà nísàlẹ̀. Bí omi òjò tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ páànù: kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í jábọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń kó jọ síbì kan síbì kan kó tó kán. Awọ ṣúgà náà ń kó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń já bọ́ ní okùn tín-ín-rín tí àlàfo àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí okùn ti ń já, awọ nípọn níbẹ̀, súìtì kò tètè yòrò. Àárín okùn méjì ni omi tuntun ń gbà gòkè wá rọ́pò èyí tó já, ibẹ̀ ló ń jìn wọlé. Torí pé súìtì dagun, okùn náà kì í dúró lójú kan, ó ń rìn lọ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdagun ṣe lọ, ohun tí ẹ sì máa rí ni ilà gbọọrọ tó tò lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ebè nínú oko.

Kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ilà náà ti wà. Àlàfo wọn kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ojú lásán lè má rí i. Ẹ gbé súìtì jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹnu ko ojú rẹ̀. Orí ebè kọ̀ọ̀kan á mọ́lẹ̀, àárín á ṣókùnkùn, omi ṣúgà tó kù á sì máa rìn lórí ebè, á kó jọ sí òpin rẹ̀, á kán. Ẹ dá a padà bí ẹ ṣe kọ́kọ́ fi sí i.

Tó bá ti pẹ́ sí i, ilà kò ní jẹ́ ilà mọ́. Ebè tó yọ ni okùn ṣúgà tó ń bọ̀ yóò máa já níbẹ̀, nítorí náà ọnà náà ń fi ara rẹ̀ jinlẹ̀ sí i: ebè ń pe okùn, okùn ń dá ebè sí. Nígbà tó bá jinlẹ̀ tó, ìṣàn tó ń bọ̀ láti òkè kò lè tẹ̀ lé ojú súìtì dáadáa mọ́, á máa fò kúrò ní etí, á sì padà balẹ̀ níwájú. Ilà á gé sí wẹ́wẹ́, á di kòtò pelebe-pelebe tó ní etí mímú, ojú ṣíbí gan-an. Caroline Cohen, Michael Berhanu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Paris tẹ ìwádìí jáde ní 2016 lórí irú ọnà yìí lára ohun tó ń yòrò àti ohun tó ń yọ́.

Bí ẹ bá gbé súìtì kejì kọ́ pẹrẹsẹ, láìdagun rárá, ẹ ò ní rí ilà. Kòtò kéékèèké tí kò dojú kọ ibì kankan ni. Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́, ẹ ó mọ̀ pé ìdagun ló ń to ilà.

Iyọ̀ tí wọ́n ń gbé fún màlúù lá náà máa ń ṣe irú ilà bẹ́ẹ̀ lábẹ́, ó sì gba èèyàn lọ́wọ́ iná àti ìkòkò. Àmọ́ ẹ̀rọ ló fún un pọ̀, horo rẹ̀ sì máa ń jábọ́ kó tó yòrò, ọnà rẹ̀ kì í mọ́. Ti POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà, sùúrù ló fẹ́. Lítà omi kan gba iyọ̀ bíi gíráàmù 360, ó gba ṣúgà bíi kílò méjì, ṣùgbọ́n POP tó ti gan kò ju gíráàmù méjì àti díẹ̀ lọ. Omi tó ń ṣàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló lè gbẹ́ ẹ. POP ni àwọn olùwádìí Blumberg àti Rane Curl lò ní 1974 láti ṣe irú ojú ṣíbí tó wà lára ògiri ihò inú òkúta ẹfun. Ní ibẹ̀, odò ló ń ti omi, kì í ṣe wíwúwo ṣúgà. Bí omi bá ṣe yára tó ni ojú ṣíbí ṣe ń kéré tó, etí rẹ̀ tó ga gẹ̀rẹ̀ sì máa ń wà ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wọ ihò òkúta fi lè wo ògiri tó ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́, kí wọ́n sọ ibi tí odò rẹ̀ gbà kọjá.

Iṣẹ́ kẹta: áìsì

Omi kì í wúwo jù nígbà tó bá tutù jù. Ní bíi 4°C ló wúwo jù. Ti 0°C fúyẹ́ jù ú lọ. Tí ó bá sì gbóná dé bíi 8°C, ó tún fúyẹ́ tó ti 0°C padà. Ẹ wá wo awọ omi tó lẹ̀ mọ́ áìsì: ojú tó kan áìsì jẹ́ 0°C, bó sì ṣe ń jìnnà ló ń gbóná títí ó fi bá omi kúlà dọ́gba.

Bí omi kúlà bá jẹ́ 4°C, gbogbo awọ náà ló fúyẹ́, ó ń gòkè. Ìdí áìsì ni ìṣàn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni awọ ti tín-ín-rín, ibẹ̀ ló ń yára yọ́, ìdí rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Ní 8°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, awọ wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀, orí ló máa ṣe ṣóńṣó bíi ti súìtì. Láàárín bíi 5 sí 7°C, apá inú awọ, tó sún mọ́ 0, ń gòkè, apá ìta tó ti kan 4 ń sọ̀kalẹ̀. Méjèèjì ń fi ara gbo ara wọn, omi àárín wọn á máa ká bí ààjà kéékèèké, ààjà kọ̀ọ̀kan á sì wa ojú ṣíbí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ áìsì. Scott Weady, Ristroph àti àwọn mìíràn ló fi èyí hàn ní 2022.

Áìsì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gara. Ẹ se omi, kó tutù, kí ẹ tún un sè. Ẹ fi nylon dé ìdí páìpù 3-inch, kí ẹ fi fóòmù wé ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ nípọn, kí òkè ṣí sílẹ̀, kí ẹ gbé e sí fírísà fún ọjọ́ 2 sí 3. Òtútù á máa wọlé láti òkè nìkan, á máa lé afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Nylon ìdí ló máa fẹ̀ nígbà tí omi bá ń wú. Ibi tó bá ṣe funfun nísàlẹ̀, ẹ fi ayùn gé e dànù, kí sẹ̀ǹtímítà 15 tó mọ́ kù. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láàárín, ẹ lè rí àmì ìdádúró náà bí ìgbànú láàárín áìsì. Irú áìsì bẹ́ẹ̀, ẹ fi mu omi.

Áìsì ń léfòó, nítorí náà ẹ fi igi kékeré kan dì í sí apá kan nígbà tó ń dì. Igi, kì í ṣe irin, torí irin ń gbé ooru wọlé. Fún 4°C, igi wà lókè, ẹ dè é mọ́ pákó tó gba orí kúlà kọjá, kí gbogbo áìsì wà lábẹ́ omi. Fún 8°C, ẹ dojú rẹ̀ dé, igi wà nísàlẹ̀, ẹ so òkúta mọ́ ọn. Apá tó máa ṣe ṣóńṣó kò gbọ́dọ̀ ní igi nínú.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ tẹmómítà wò nínú áìsì tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú omi: ó gbọ́dọ̀ kà 0. Dígíríì kan tó bá fi ṣì, iṣẹ́ 6°C yín ti di ti 7 tàbí 5. Ẹ fi omi fíríìjì àti áìsì po omi kúlà dé ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ yọ áìsì tó kù, kí ẹ dé e, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 20. Ẹ wọn òkè, ẹ wọn ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdajì dígíríì yàtọ̀ síra, ẹ tún un pò.

Ìṣirò tó yẹ ká ṣe ṣáájú nìyí. Áìsì yìí wọn bíi gíráàmù 600. Bó bá yọ́ tán sínú omi lítà 60, ó máa fi bíi dígíríì 0.9 mú omi náà tutù sí i. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ojú ṣíbí, kó bẹ̀rẹ̀ láti 6.3, kó lè parí ní nǹkan bí 5.4. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 5.5 á rí ojú ṣíbí díẹ̀, lẹ́yìn náà ìdí áìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, kò sì ní mọ ohun tó fà á. Páìpù 4-inch tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 á fi dígíríì méjì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tóbi jù fún kúlà yìí.

Ẹ má mú áìsì láti fírísà wọ omi lójú ẹsẹ̀. Yóò sán, omi tuntun á sì kọ́kọ́ dì mọ́ ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ fi sílẹ̀ nínú nylon títí tí ara rẹ̀ á fi tutù rinrin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ ṣí kúlà fún fọ́tò ní ìṣẹ́jú 10-10, kí ẹ sì tètè dé e padà. Ooru iyàrá Èkó kò ní dúró dè yín. Rúlà gbọ́dọ̀ wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ áìsì, torí ohun tó wà lábẹ́ omi máa ń dàbí pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ.

Títọ́jú súìtì tí omi ti gbẹ́

Ẹ gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rì í sínú sípíríìtì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Sípíríìtì tó lágbára kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ṣúgà, àmọ́ ó ń ṣan omi tó kù lára rẹ̀ dànù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi náà á máa jẹ ṣóńṣó lọ lórí tábìlì. Ẹ jìnnà sí gáàsì àti iná nígbà yìí. Ẹ fi fáàní gbẹ ẹ́, kí ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n ooru omi àti iye ìṣẹ́jú sára ike náà.